Radiacode 103 fún ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù ní Ògbómọ̀ṣọ́: ohun tó ń rí, àti ohun tó ń kọjá lára rẹ̀

Tírélà tó bá ti Èkó gbéra lọ sí òkè Ọya, Ògbómọ̀ṣọ́ ló sábà máa ń gbà kọjá kó tó kan Ìlọrin. Ọ̀nà yìí náà ni irin kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù tí àwọn bọ́lá-bọ́lá ṣà jọ ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Irú ẹrù irin bẹ́ẹ̀ ni èròjà olóró tó ń tú ìtànṣán jáde máa ń bá rìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura, yálà olè ló jí i o, yálà ẹni tó ni ín ló pa á tì. Ìdí nìyí tí àwọn tó ní ìsọ̀ irin àti àwọn tó ń ṣọ́ gáréèjì tírélà fi ń béèrè bóyá ẹ̀rọ àmúlọ́wọ́ tó ń wọn ìtànṣán bíi Radiacode 103 tó owó tí wọ́n ń tà á. Ó tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá lè fẹsẹ̀ rìn yí ọkọ̀ ká pẹ̀lú sùúrù. Lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbé e kọ́ ẹnu géètì kó máa fi ṣọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá, owó ti gbé.

Ẹ̀rọ náà kò ju rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n kékeré lọ: gígùn rẹ̀ jẹ́ 123 mílímítà, fífẹ̀ rẹ̀ 34, nínípọn rẹ̀ 18, kò sì wúwo tó 100 gíráàmù. Iṣẹ́ gan-an wà lọ́wọ́ kírísítálì cesium iodide kan tó wà ní orí rẹ̀, sẹ̀ntímítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga. Bí ìtànṣán gamma bá kọlu kírísítálì yìí, iná bíńtín kan á tàn nínú rẹ̀. Ẹ̀yà kan tó lẹ̀ mọ́ ọn á ka ìmọ́lẹ̀ yẹn, bí iná náà bá sì ṣe mọ́lẹ̀ tó ni ẹ̀rọ fi ń mọ bí agbára ìtànṣán tó wọlé ṣe pọ̀ tó. Geiger, ẹ̀rọ ìka-ìtànṣán tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, kò lè ṣe èyí. Geiger kàn ń ka iye ìgbà tí ìtànṣán kàn án ni, kò mọ̀ bóyá Cesium ló rán an wá tàbí àpò ajílẹ̀. Àwọn Geiger pọ́ọ́kú tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì ń ka bí ogún péré láàárín ìṣẹ́jú kan níbi tí kò sí nǹkan kan. Níbẹ̀ náà, Radiacode á ka márùn-ún sí mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ìyàtọ̀ yìí nìkan tó ìdí láti fi Geiger sílẹ̀ fún iṣẹ́ wíwá nǹkan, nítorí ohun tó bá ń kà díẹ̀díẹ̀ kò lè tètè mọ̀ pé nǹkan yí padà.

Tí ẹ bá so ó mọ́ fóònù, ìlà kan ni ẹ máa rí tó ga lápá òsì tó ń wálẹ̀ bọ̀ lápá ọ̀tún, tí góńgó kan á sì yọ jáde níbi tí èròjà kọ̀ọ̀kan bá wà. Cesium-137 ń yọ ní 662 keV (keV ni wọ́n fi ń wọn agbára ìtànṣán). Cobalt-60 ń yọ góńgó méjì tó súnmọ́ra, 1173 àti 1332. Americium-241 wà nísàlẹ̀ pátápátá ní 59.5. Potassium-40, tó wà nínú ajílẹ̀ àti nínú ara gbogbo ẹ̀dá, ń yọ ní 1461. Technetium-99m tí ilé ìwòsàn ń lò ń yọ ní 140, Iodine-131 ní 364. Ẹni tó bá há nọ́ńbà méje wọ̀nyí sórí kò ní máa dúró de áàpù kó tó mọ ohun tó ń wò, ó sì sàn bẹ́ẹ̀, torí pé nígbà tí iye tí ẹ̀rọ kà kò bá tíì pọ̀, orúkọ tí áàpù bá pè kò ṣe é gbára lé. Góńgó náà kì í ṣe ẹnu abẹ́rẹ́ o. Ní 662, ó fẹ̀ tó nǹkan bíi 56 keV ní ìdajì gíga rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀rọ yìí kò lè fi ìdánilójú ya Iodine-131 sọ́tọ̀ kúrò lára Barium-133, tí góńgó tirẹ̀ tó ga jù wà ní 356. Aláìsàn tó gba ìtọ́jú ni àkọ́kọ́ sábà máa ń tọ́ka sí, èkejì jẹ́ ohun èlò iléeṣẹ́. Ibi tí ó ti wà lára ọkọ̀ ni yóò là yín lọ́yẹ̀: ìjókòó èrò, tàbí abẹ́ irin.

Bí a ṣe ń yẹ tírélà wò nìyí. Ẹ kọ́kọ́ jìnnà sí ọkọ̀ tó ogún mítà, lórí irú ilẹ̀ kan náà tí ọkọ̀ dúró lé, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ka ìtànṣán àbáláyé, èyí tó máa ń wà níbi gbogbo, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí. Orí òkúta àtijọ́ ni agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ jókòó lé, ilẹ̀ tí wọ́n bá sì da òkúta fífọ́ lé lórí lè fún yín ní iye tó yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ pupa lásán tó wà lódìkejì géètì. Ká ní mẹ́fà ni ẹ̀rọ ń kà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ọgọ́ta ló yẹ kó kà, ṣùgbọ́n kò ní dúró lórí ọgọ́ta gééré. Mẹ́jọ lókè tàbí mẹ́jọ nísàlẹ̀, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tó bá ń pariwo ní gbogbo ìgbà tó bá di mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ìyẹn ìlọ́po méjì mẹ́jọ lókè ọgọ́ta, ó ṣeé ṣe kó pariwo lẹ́ẹ̀kan lára gbogbo tírélà tó bá yẹ̀ wò, láìsí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ gbé àmì ìkìlọ̀ sí ìlọ́po mẹ́rin: 92 ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ìyẹn bíi 9 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìpele ìkìlọ̀ méjì ló wà lórí ẹ̀rọ náà. Ẹ fi èyí sí àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi èkejì sórí 100 µSv (microsievert, ìwọ̀n ìtànṣán tó ń wọ ara èèyàn) ní wákàtí kan, fún ìdí tí a máa tó sọ.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Ẹ gbé orí ẹ̀rọ sí bíi sẹ̀ntímítà mẹ́wàá sí ogún sí ara ọkọ̀, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kí ẹ sún ìdajì mítà, kí ẹ tún dúró. Tírélà tó gùn ní mítà 12 tó sì fẹ̀ ní 2.5 ní àyíká tó jẹ́ mítà 29, ìyẹn ìdúró 58, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ yí i ká lẹ́ẹ̀kan ní ìwọ̀n àyà, kí ẹ sì tún yí i ká ní ìwọ̀n orúnkún, nítorí ohun tó wúwo tó sì kéré máa ń rì lọ sí ìsàlẹ̀ ẹrù nígbà tí ọkọ̀ bá ń fò lójú kòtò. Wọ́n á ní ó pẹ́. Ó pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sá yí ọkọ̀ ká ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú-àáyá kan ló fún ibi kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà ni ẹ̀rọ ń retí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì lè ka mọ́kànlá láìsí nǹkan kan. Irú ìyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò yẹ nǹkan kan wò.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Tírélà tó kún fún irin máa ń dín ìtànṣán àbáláyé kù, torí irin náà ń dí èyí tó ń ti inú ilẹ̀ bọ̀. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù irin, ẹ lè rí i pé ẹ̀rọ bọ́ sílẹ̀ láti mẹ́fà sí márùn-ún. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò wá bi ara rẹ̀ léèrè nígbà tó bá dé ibì kan lára ọkọ̀ kan náà tí ẹ̀rọ kò bọ́ sílẹ̀, tó sì ń ka mẹ́fà pérépéré. Kò tíì dé 9, ìkìlọ̀ kò dún, síbẹ̀ ó tọ́ kéèyàn dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì gbáko. Radiacode kò ní sọ èyí fún yín. Inú ìwé tí ẹ fi ń kọ iye sílẹ̀ lẹ ti máa rí i. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni ẹrù tí kò lẹ́bi. Ẹ gbọ́ ti ajílẹ̀ NPK 15-15-15. Kìlógíráàmù kan nínú rẹ̀ ní bí 3,900 becquerel Potassium-40 (becquerel kan ni átọ́ọ̀mù kan tó túká ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Tọ́ọ̀nù ọgbọ̀n rẹ̀ lórí tírélà kan á kọjá mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún becquerel. Nọ́ńbà yìí ń dẹ́rù bani lórí ìwé, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Táìlì ilẹ̀ àti àwo ilé ìwẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí uranium àti thorium díẹ̀ tó wà nínú iyanrìn zircon tí wọ́n fi ń dán ojú wọn. Granite gígé náà kò gbẹ́yìn. Bí ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀ ni pé iye á ga lọ́gbọọgba láti orí ọkọ̀ dé ìdí rẹ̀, ní apá òsì àti apá ọ̀tún, á sì bá ẹrù parí. Èròjà inú kóró irin kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ibì kan ṣoṣo ni iye ti ń ga, ẹ sún mítà méjì, ó rọlẹ̀. Tí ìga náà bá gún régé, ẹ so fóònù mọ́ ọn, kí ẹ gbé ẹ̀rọ lé ara ọkọ̀, kí ẹ jẹ́ kó kà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Góńgó 1461 nìkan pẹ̀lú ìwé ẹrù tó pe ajílẹ̀ ní ajílẹ̀, ẹ jẹ́ kí awakọ̀ máa lọ ilé rẹ̀. Iṣẹ́ tí Radiacode ń ṣe dáadáa jù nìyí, òun sì ni ìdí tó fi yẹ ní rírà: kì í ṣe pé ó ń mú ọ̀daràn, ó ń jẹ́ kí aláìmọwọ́mẹsẹ̀ má sùn sí Tákíè, láàárín ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí àpò ajílẹ̀. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé ẹrù ajílẹ̀ jẹ́ ibi tó dùn láti fi kóró Cesium pamọ́ sí. Tí 662 bá yọ láàárín ajílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ọ̀tọ̀.

Èèyàn náà máa ń mú ẹ̀rọ dún. Technetium-99m ń dín kù sí ìdajì ní wákàtí mẹ́fà, nítorí náà kò ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ lára aláìsàn. Iodine-131 tí wọ́n fi ń tọ́jú gẹ̀gẹ̀ ọ̀fun ń gba ọjọ́ mẹ́jọ kó tó dín kù sí ìdajì, ó sì lè mú ẹ̀rọ dún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ èrò inú ọkọ̀ ni ó ti ń dún, ẹ pe ẹni náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ fohùn jẹ́jẹ́ bi í bóyá ó ti ilé ìwòsàn bọ̀. Ẹ má ṣe pè é ní olóró láàárín ọjà.

Ẹrù míì wà tó ní ẹ̀tọ́ láti tú ìtànṣán jáde. Àwọn tó ń yẹ ojú jíjó páìpù wò ń gbé Iridium-192 kiri. Àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ní àpótí yẹ́lò kan tí wọ́n fi ń wọn bí iyẹ̀pẹ̀ ṣe le tó àti bí omi inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, Cesium-137 àti Americium pẹ̀lú beryllium ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ìwé tó lẹ̀ mọ́ irú àpótí bẹ́ẹ̀ ní àmì apá mẹ́ta, a sì máa kọ White-I, Yellow-II tàbí Yellow-III sára rẹ̀. Lára àwọn Yellow, ẹ máa rí nọ́ńbà kan nínú igun kékeré tí wọ́n ń pè ní TI (Transport Index). Ẹ fi mẹ́wàá lọ́po nọ́ńbà yìí, ẹ ti ní iye µSv ní wákàtí kan tó pọ̀ jù tó yẹ kí ẹ̀rọ kà ní mítà kan sí àpótí. TI 0.5 túmọ̀ sí 5 µSv. Ẹ na okùn ìwọ̀n mítà kan, kí ẹ sì kà á. Tó bá jẹ́ 4, ó bá ìwé mu. Tó bá jẹ́ 40, àpótí ti bàjẹ́ tàbí ẹnì kan ti ṣí i. Tí ìwé bá sọ pé Iridium-192 ni, tí fóònù sì ń fi 662 hàn, ìwé ń parọ́. Àyẹ̀wò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kò sì sí Geiger tó lè ṣe ìdajì rẹ̀ kejì.

Ó wá ku ohun tí ẹ̀rọ yìí kò lè ṣe. Ọ̀rọ̀ jíjìnnà ni àkọ́kọ́. Cesium-137 tó jẹ́ bílíọ̀nù becquerel kan, tí nǹkan kan kò bò, ń fúnni ní bí 80 µSv ní wákàtí kan ní mítà kan. Ní mítà mẹ́wàá, ó ti di 0.8. Ní ọgbọ̀n mítà, kò tó 0.1, ó ti dọ́gba pẹ̀lú ìtànṣán àbáláyé. Ẹ wá fi irin bò ó: sẹ̀ntímítà márùn-ún irin gidi máa ń jẹ́ kó ku bí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ẹrù kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù fúnra rẹ̀ ni ààbò tó ń pa èròjà mọ́. Ìdí nìyí tí géètì tí wọ́n ń kọ́ sí èbúté àti ẹnubodè fi ń lo pákó ìkà gamma tó tóbi tó ilẹ̀kùn, tí wọ́n sì ń fẹ́ kí ọkọ̀ gba ibẹ̀ kọjá jẹ́jẹ́, bíi kìlómítà 8 ní wákàtí kan. Kírísítálì onísẹ̀ntímítà kan kò lè gba iṣẹ́ géètì ṣe. Àwọn kan á mẹ́nu ba Ọsirélíà, níbi tí wọ́n ti rí kóró Cesium tí kò ju mílímítà 6 sí 8 lọ lẹ́bàá ọ̀nà tó gùn ní 1,400 kìlómítà ní oṣù Kejì ọdún 2023, tí ọkọ̀ tó rí i sì ń sáré kìlómítà 70 ní wákàtí kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìhòòhò ni kóró yẹn wà, bílíọ̀nù becquerel 19 ni, mítà bíi méjì péré ló sì jìnnà sí ojú ọ̀nà. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ náà kì í ṣe ti inú àpò.

Èyí tó burú jù fún wa ni nútírọ́ọ̀nù, irú ìtànṣán míì tó yàtọ̀ sí gamma. Radiacode kò rí nútírọ́ọ̀nù rárá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2002, wọ́n jí èròjà Americium pẹ̀lú beryllium, tó ń tú nútírọ́ọ̀nù jáde, tí àwọn oníṣẹ́ epo ń lò, gbé ní Niger Delta, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó rí i láàárín irin kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù ní Jámánì. Irú èròjà yìí gan-an ló lè kọjá lára ẹ̀rọ wa. Góńgó Americium ní 59.5 kò lágbára, páálí irin tí kò nípọn ti tó láti dí i. Gamma míì tí èròjà náà ń tú jáde wà ní 4.4 MeV, ìyẹn 4,400 keV, ẹ̀rọ náà kì í sì ka ohun tó kọjá 3 MeV. Ẹni tó ní ìsọ̀ irin ńlá kò gbọdọ̀ gbára lé Radiacode nìkan. Kó kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ láti mọ ohun tí ojú ń rí: àgbá kékeré tó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, òjé tó nípọn, àmì apá mẹ́ta tí ìpẹtà ti bò, okùn irin kúkúrú tó ń dán tó ní orí roboto lẹ́nu. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni Iridium àwọn alájòópáìpù, ọwọ́ èèyàn máa ń wá a láti fi ṣe ìso kọ́kọ́rọ́. Kí wọ́n má fọwọ́ kàn án.

Tó bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Ìgbà tí ìpele kejì bá dún, 100 µSv ní wákàtí kan, ẹ dá ẹsẹ̀ dúró, kí ẹ padà sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ààlà tí àwọn tó ń kọ́kọ́ dé síbi ìṣẹ̀lẹ̀ ń fà, kò sì sí ìdí láti wọ inú rẹ̀ àfi tí ẹ̀mí èèyàn bá wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì mọ bó ṣe rí, ọgbọ̀n mítà yípo ni kí ẹ kọ́kọ́ lé gbogbo èèyàn sí. Ẹ má tú ẹrù, ẹ má sì fi òòlù ṣí nǹkan kan wò. Ní Goiânia ní Brazil, ọdún 1987, àwọn tó ń ra irin àlòkù ṣí orí ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n pa tì. Èèyàn mẹ́rin kú, wọ́n yẹ ènìyàn tó lé ní 110,000 wò. Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kó jókòó níbi tó jìnnà tí ẹ ti ń rí i, ẹ má lé e lọ. Ẹ pe ọlọ́pàá tàbí sífú dìfẹ́ǹsì, kí wọ́n sì kàn sí NNRA ní Àbújá, àjọ tí òfin gbé ọ̀rọ̀ ìtànṣán lé lọ́wọ́. Ẹ sọ iye tó ga jù, ibi tí ẹ dúró nígbà tí ẹ kà á, àti nọ́ńbà góńgó tí ẹ rí. Bí ẹ̀rọ bá ti súnmọ́ 1000 µSv, òkè agbára rẹ̀ nìyẹn. Nọ́ńbà tó bá wà lójú rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má gbà á gbọ́, ẹ sáà máa lọ.

Ooru náà ń bá a jà. Kírísítálì àti ẹ̀yà tó ń ka ìmọ́lẹ̀ máa ń yí padà bí ara wọn bá gbóná, góńgó á sì ṣí kúrò ní àyè rẹ̀. Ẹ̀rọ ń tún èyí ṣe fúnra rẹ̀ dé ìwọ̀n kan, kì í ṣe tán. Ẹ má fi sílẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láti mọ̀ bóyá ó ṣì gún, kò sí ìdí láti ra èròjà ìdánwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí ẹ nílò ìwé àṣẹ láti ní lábẹ́ òfin ọdún 1995 nìyẹn. Ẹ gbé ẹ̀rọ lé àpò ajílẹ̀ potash kan mọ́jú. Góńgó gbọ́dọ̀ yọ ní 1461. Tó bá yọ ní 1430, ẹ wọ inú áàpù kí ẹ tún un ṣe.

Bátìrì rẹ̀ dára. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́wàá láìgba iná tí Bluetooth kò bá ṣí ní gbogbo ìgbà, ẹnu okùn fóònù ayé òde òní sì ni wọ́n fi ń gba iná sí i. Láìsí fóònù, ẹ máa rí iye, ẹ sì máa gbọ́ ìkìlọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ èròjà ń fẹ́ fóònù, nítorí náà ẹ pín iṣẹ́: ẹnì kan á mú ẹ̀rọ, ẹnì kejì á mú fóònù àti ìwé. Radiacode 102 dín owó, góńgó rẹ̀ sì fẹ̀ díẹ̀ ju ti 103; fún ẹrù ajílẹ̀ àti táìlì, ó tó. Bí owó bá wà, ẹ ra 110. Kírísítálì rẹ̀ tóbi ju ìlọ́po méjì lọ, ìdúró oníṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá á sì di mẹ́rin tàbí márùn-ún, èyí tó jẹ́ pé awakọ̀ tó ń fọn fèrè lẹ́yìn yín ló máa kọ́kọ́ dúpẹ́.